Ẹni Tó Sùn Kò Kúrò Nílé

Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì kọ̀wé sí mi láti Ìkọ̀lé-Èkìtì:

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ oorun ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Ìyàwó mi lè sùn kí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì máa ké mọ́ ọn lórí títí di ìdájí, kò ní mira. Ṣùgbọ́n bí mo bá rọra pe orúkọ rẹ̀, á ní 'hẹn'. Ọmọ wa obìnrin tó ń kàwé ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ ní tirẹ̀ máa ń lajú lóru, á rí yàrá kedere, kò ní lè gbé ìka, nǹkan kan á sì gúnlẹ̀ sí i láyà. Ìyá rẹ̀ ní ogun òru ni. Gbogbo alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń lọ sí àìsùn báyìí. Èmi náà ń bá bàbá mi tó ti kú tipẹ́ sọ̀rọ̀ lójú àlá, kì í sì í yà mí lẹ́nu àfi tí mo bá jí. Wọ́n ní àbúrò ikú ni oorun. Ṣé òótọ́ ni? Níbo ni iyè wa ń lọ?"

Bàbá, mo kí yín, mo kí màmá. Iyè yín kì í lọ síbì kankan. Inú orí yín náà ló wà láti alẹ́ títí di òwúrọ̀, kò sì sí ìgbà kan tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọpọlọ ló ń bọ́ láti ipò kan sí òmíràn. Bí a kò bá fẹ́ là á wẹ́wẹ́, mẹ́ta ni àwọn ipò náà: ojú lílà, oorun ìjìkà, àti oorun àlá. Bí a ṣe ń rí ayé, bí a ṣe ń rántí nǹkan, bí a ṣe ń mọ̀ pé èmi ni èmi yìí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n nínú ipò kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń mu igbó, àwọn kan ń gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ lórí òkè, kí iyè wọn lè yí díẹ̀. Àwa tó kù ń débẹ̀ lálaalẹ́ lórí ẹní wa, a kò sì sanwó.

Nítorí náà, ọ̀kan ṣoṣo ni mo ka ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yín sí. Màmá wà nínú ipò kan tí ẹ rò pé èèyàn kì í gbọ́ràn níbẹ̀. Ẹ̀yin wà nínú èkejì. Ọmọ yín há sáàárín ipò méjì, tirẹ̀ ló sì gba àlàyé jù.

Ó pẹ́ tí àwọn dókítà fúnra wọn gbà pé bí èèyàn bá ti sùn, ọpọlọ náà ti dákẹ́ nìyẹn. Dókítà kan ní Jámánì, Hans Berger, ló kọ́kọ́ so waya mọ́ orí èèyàn ní ìlú Jena lọ́dún 1924, tó sì rí i pé iná mànàmáná kékeré ń jáde láti inú ọpọlọ, ó ń gbé, ó ń sọ̀. Ọdún 1929 ló tó gbé e jáde fún aráyé. Láti ìgbà náà ni a ti lè jókòó ti ẹni tó sùn, ká máa wo ohun tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣe láìjí i. Ní 1951, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Chicago, Eugene Aserinsky, lẹ irú waya bẹ́ẹ̀ mọ́ orí àti ẹ̀bá ojú ọmọ rẹ̀, Armond, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ní kí ó sùn. Òun jókòó sí yàrá kejì, ó ń wo bíírò tó ń fa ìlà lórí ìwé. Nígbà tó yá, bíírò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sókè sódò, àfi bíi pé ọmọ náà ti jí tó ń wò yíká. Ó wọlé lọ wò ó. Ọmọ sùn fọnfọn. Ìpéǹpéjú dé, ẹyinjú ń sáré lábẹ́ rẹ̀. Òun àti ọ̀gá rẹ̀, Nathaniel Kleitman, kọ ọ́ jáde ní 1953, wọ́n sì sọ pé bí a bá jí èèyàn ní àkókò tí ẹyinjú ń sáré yìí, àlá ló sábà máa ń rọ́. REM, ìkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹyinjú tó ń sáré, ni àwọn dókítà ń pe oorun náà títí dòní.

Ẹ lè rí i fúnra yín láìní waya kankan. Bí ọmọọmọ yín bá sùn tì yín, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ara ògiri ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, ẹ má tàn án sí i lójú, kí ẹ wá wò ó dáadáa. Ẹ ó rí ohun róbótó tó ń lọ tó ń bọ̀ lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ètè á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Mímí rẹ̀ á yára, á tún falẹ̀. Bí ẹ bá rọra gbé apá rẹ̀ sókè tí ẹ sì fi sílẹ̀, á já bọ́ wọ̀ọ̀, kò ní agbára kankan nínú. Oorun àlá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n oorun ìjìkà ló máa ń ṣáájú. Bí a bá ti kọjá ìtòògbé, ìlà tí ọpọlọ ń fà á bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, á sì falẹ̀ gan-an. Kì í ju mẹ́rin lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tó lè ju ogún lọ bí ojú bá là. Ní 2005, Marcello Massimini, Giulio Tononi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Wisconsin, Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó ní agbára òòfà sí ara orí láti òde, wọ́n sì fi ta ojú ibì kan ṣoṣo nínú ọpọlọ jí. Nígbà tí ojú là, ìtají náà ràn láti ibì kan dé ibòmíràn. Nígbà tí ẹni náà ti sùn, tí kò tíì dé oorun àlá, ibi tí wọ́n ta náà dáhùn, ó tilẹ̀ dáhùn kíkan, ṣùgbọ́n kò ràn. Nínú ìlú tó jí, bí akéde bá lu agogo ní àdúgbò kan, àdúgbò kejì á gbà á, á kéde rẹ̀ síwájú. Nínú oorun ìjìkà, akéde ń lu agogo ní àdúgbò tirẹ̀ nìkan, ará àdúgbò kejì kò gbọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà. Iyè kò lọ. Àwọn tó ń para pọ̀ di iyè ló ṣíwọ́ àtimáa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tí a bá jí ní àkókò yẹn fi máa ń ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ẹ ti rí ọmọ tí wọ́n gbé lọ tọ̀ lóru: ó dúró, ó tọ̀, wọ́n bi í ní nǹkan ó ní "ẹn", ó padà sórí ẹní. Láàárọ̀, kò mọ̀ pé òun dìde. Àwọn tó ń rìn lójú oorun náà, inú oorun ìjìkà yìí ni wọ́n ti sábà máa ń dìde, kì í ṣe inú àlá bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò.

Ó wá ku "hẹn" tí màmá ń dáhùn. Etí kì í tì nígbà tí a bá sùn. Ibì kan wà láàárín ọpọlọ tí ìró, ìmọ́lẹ̀ àti ìfọwọ́kàn ń gbà kọjá, thalamus ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti máa ń há fún wọn bí oorun bá dé. Ṣùgbọ́n há ló há, kò dí. Ní 1960, Ian Oswald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi téèpù ka oríṣiríṣi orúkọ sétí àwọn tó sùn. Ọpọlọ wọn dáhùn sí orúkọ tiwọn ju ti ẹlòmíràn lọ, kódà nígbà tí ẹni náà kò jí rárá. Nítorí náà, ọpọlọ màmá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ náà. Ó kàn ti mọ̀ ọ́n, kò sì kà á sí nǹkan kan mọ́. Ẹ ṣọ́ ọ lọ́jọ́ kan: bí epo bá tán nínú jẹnẹrétọ̀ yẹn lójijì, ó ṣeé ṣe kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló máa jí i.

Ẹni tí wọ́n fi oògùn kùn fún iṣẹ́ abẹ kò ní irú ẹ̀. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ títí, wọ́n tilẹ̀ ń là á, kò ní jí àfi tí oògùn bá kúrò lára rẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ jìn sí ti oorun, bí a tilẹ̀ máa ń sọ fún aláìsàn pé "ẹ ó kàn sùn ni". Ẹni tó bá sì ń pe oorun ní àbúrò ikú, mi ò gbà fún un. Òkú kì í ní "hẹn".

Àlá tiyín ńkọ́? Oorun àlá máa ń kọ́kọ́ dé lẹ́yìn nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú tí a ti sùn, á lọ, á tún padà ní ìwọ̀n àkókò bẹ́ẹ̀, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹfà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ti àkọ́kọ́ kì í pẹ́. Ti ìdájí ló ń gùn, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àlá àfẹ̀mọ́júmọ́ la máa ń rántí jù. Bí a bá ṣà wọ́n jọ, wọ́n á tó ìdámárùn-ún sí ìdámẹ́rin oorun àgbàlagbà. Ti ọmọ tuntun tó nǹkan bí ìdajì, mi ò sì mọ ẹni tó lè sọ fún wa ohun tí wọ́n ń rí.

Nínú oorun yìí, ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ojú lílà. Àwọn ibi tó ń rí nǹkan, tó ń bẹ̀rù, tó ń yọ̀, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ kárakára. Iwájú orí, ibi tí a fi ń bi ara wa pé "ṣé báyìí ló ṣe yẹ kó rí?", ni iṣẹ́ tirẹ̀ lọ sílẹ̀. Noradrenaline, èròjà tó ń jẹ́ ká wà lójúfò tó sì ń ran ìrántí lọ́wọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ọpọlọ lákòókò náà. Nítorí náà, bàbá yín lè jókòó tì yín kí ẹ jọ máa jẹ iyán. Ohùn rẹ̀ á pé, bó ṣe máa ń ṣan ọwọ́ kó tó jẹun á pé. Ẹni tó yẹ kó sọ pé "ṣebí a ti sin bàbá yìí" nìkan ni kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá jí, á padà dé, ìgbà náà ni ẹnu ń yà yín. Bí ẹnìkan bá sì ní bàbá ló wá kí yín lóòótọ́, mi ò bá a jà. Ohun tí ọpọlọ ń ṣe ni mo mọ̀. Ẹni tó rán an níṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ka tèmi.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń mọ̀ pé àlá ni àwọn wà. Ní 2021, àwọn olùwádìí láti Amẹ́ríkà, Faransé, Jámánì àti Netherlands gbé e jáde pé àwọn bi irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè nígbà tí wọ́n ń sùn lọ́wọ́. Wọ́n bi ọ̀kan pé mélòó ló kù bí a bá yọ 6 kúrò nínú 8. Ó wà nínú àlá, ara rẹ̀ kò mira, ó fi ẹyinjú lọ sósì lọ sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò rí, ẹ mọ iye tí ojú lílà pàápàá kì í rí i ṣe.

Ó wá kan ọmọ yín. Nínú oorun àlá, ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, máa ń pàṣẹ fún iṣan ara pé kí wọ́n dẹ̀. Michel Jouvet, ní Lyon nílẹ̀ Faransé, ló fi ológbò tú àṣírí yìí láti ọdún 1959 lọ. Nígbà tó ba ibi kékeré tí àṣẹ náà ti ń wá jẹ́, àwọn ológbò náà ń dìde nínú oorun àlá, wọ́n ń lúgọ, wọ́n ń fò mọ́ nǹkan tí kò sí níbẹ̀, wọn kò sì rí ohun tó wà níwájú wọn. Àṣẹ yìí ni kì í jẹ́ kí ẹ fò lulẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ẹ bá ń sá fún màlúù lójú àlá. Ẹyinjú àti iṣan abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tí a fi ń mí ló yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà mìíràn, ojú máa ń là kí àṣẹ náà tó ká. Yàrá tí ọmọ yín ń rí, yàrá gidi ni: àwọ̀n ẹ̀fọn, aṣọ tó so kọ́, bẹ́ẹ̀dì ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àlá kò tíì parí, ara sì ṣì wà nínú ìdè. Ó fẹ́ mí kanlẹ̀, àyà kò gbọ́, torí iṣan ìhà ṣì dẹ̀, abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń dá mí. Ibi tó ń bẹ̀rù nínú ọpọlọ ti wà lójúfò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, àyà wúwo, àlá sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó láti ya àwòrán ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí ìṣẹ́jú díẹ̀, á tú sílẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó bani lẹ́rù tó.

Kì í ṣe ọmọ yín nìkan, kì í sì í ṣe Èkìtì nìkan. Ní Newfoundland, nílẹ̀ Kánádà, ìyá arúgbó kan ni wọ́n ní ó ń gun àwọn láyà. Ní Japan, wọ́n ní ìdè irin ni. Oníkálukú ń rí ohun tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti sọ fún un pé ó ń rìn lóru. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣà jọ ní 2011, nǹkan bí èèyàn 8 nínú 100 ló ti rí i rí. Láàárín akẹ́kọ̀ọ́, ó tó 28 nínú 100. Ní ilé wa níbí, dókítà méjì, Aina àti Famuyiwa, kọ ìwádìí jáde ní 2007 lórí ogun òru láàárín àwa Yorùbá: jíjẹun lójú àlá, ọkọ ọ̀run tó ń bá tayé jà, àdúrà àti ètùtù tí a fi ń wò ó. Èmi gbà pé nǹkan púpọ̀ là ń kó sábẹ́ orúkọ yẹn, ti ọmọ yín sì wà lára èyí tó rọrùn jù.

Kí ni ó ń fà á tí ojú fi ń ṣáájú ara là? Àìsùn tó. Oorun tí aago rẹ̀ ń yí lójoojúmọ́. Ìdààmú ọkàn. Fífẹ̀yìn lélẹ̀ sùn náà ń dá kún un. Ẹ wá wo ìgbésí ayé akẹ́kọ̀ọ́ lásìkò ìdánwò: ó kàwé mọ́jú, ó jẹ obì tàbí ó mu kọfí kí ojú lè dúró, ó sùn lọ́sàn-án. Èròjà kan, adenosine, ló máa ń kóra jọ nínú ọpọlọ láti àárọ̀ tí oorun fi ń kùn wá lálẹ́. Kaféènì inú obì ń dí ibi tó yẹ kó wọ̀, lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára. Ẹ wá fi àìsùn alẹ́ Ẹtì lé e. Ara tí a fi oorun dù máa ń gba gbèsè rẹ̀ padà, oorun àlá á sì ya wọlé pẹ̀lú agbára nígbà tó bá ráyè. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi fi sùúrù sọ fún màmá: ohun tí wọ́n ń lọ lé jáde ní Ọjọ́ Ẹtì, àìsùn náà ń pè é padà ní Àbámẹ́ta. Mi ò ní kí wọ́n má gbàdúrà. Kí wọ́n gbà á lọ́sàn-án.

Hùn-ún, àwọn awakọ̀ wa náà ń há sáàárín báyìí. Ẹni tó wakọ̀ mọ́jú láti Èkó, tó ti dé Ìfàkì, tó ku díẹ̀ kó dé ilé, ojú rẹ̀ lè wà ní lílà kí ọpọlọ sì ti sùn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Òun gan-an kì í mọ̀. Bí ẹ bá wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó dúró, ẹ má tijú.

Kí ọmọ yín máa sùn ní aago kan náà lálẹ́, ó kéré tán wákàtí méje. Kí ó fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Kí ó fi obì sílẹ̀ láti ọ̀sán. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, kí ó má jà. Jíjà ló ń mú kí àyà wúwo sí i. Kí ó máa yí ẹyinjú rẹ̀, kí ó gbájú mọ́ ọmọńdinrín kan ṣoṣo títí yóò fi mira. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé lè fọwọ́ kàn án, ó máa ń tú u sílẹ̀ nígbà mìíràn.

Àwọn àmì kan wà tó ju èyí lọ. Bí oorun bá ń gbé e lọ lójijì lọ́sàn-án, láàárín ọ̀rọ̀, tàbí tí orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀ nígbà tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ mú un lọ sí ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ó bá ń gbọ̀n jìgìjìgì lóru tàbí tó ń gé ahọ́n jẹ, torí wárápá òru wà. Ẹni tó ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń dúró, tó sì ń ta gìrì, kí òun náà lọ. Ẹ̀yin náà, bàbá: bí màmá bá sọ lọ́jọ́ kan pé ẹ ta òun ní ẹ̀ṣẹ́ lójú àlá, ẹ má fi ṣe àwàdà. Ní àgbà, bí àṣẹ tó ń dẹ iṣan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà, ó lè ṣáájú àìsàn Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n, ní ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì yẹ kí dókítà tètè mọ̀.

Kí ọmọ yín ra ìwé kékeré kan. Kí ó máa kọ aago tó sùn, aago tó jí, ohun tó jẹ tàbí tó mu lálẹ́, ọ̀nà tó gbà sùn, àti òru tí nǹkan náà dé. Bí wọ́n bá dé Ìdó, ìwé yẹn á wúlò fún dókítà ju àlàyé ẹnu lọ.